Kí ni ìṣíde nínú ṣẹ́ẹ̀sì? Ẹ jẹ́ ká fi ayò Byrne àti Fischer ti 1956 tú u palẹ̀

Ẹni tó bá jókòó ti àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì kò ní pẹ́ gbọ́ àwọn orúkọ tí kò yé e: Sicilian, Caro-Kann, Ruy López, Grünfeld. Ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n tíì ta, wọ́n ti sọ ayò náà lórúkọ. Àlejò tó ń wò wọ́n yóò rò pé awo ni wọ́n ń ṣe, tàbí pé ńṣe ni wọ́n há ìwé kan sórí tí wọ́n ń kà á síra wọn létí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Tunde Onakoya ti jókòó sí Times Square ní New York, tó fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì, òbí tí kò fọwọ́ kan ọpọ́n náà rí ti ń bá ọmọ rẹ̀ rà á. Àwọn orúkọ wọ̀nyí, tí wọ́n jẹ́ orúkọ ìṣíde, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ló sì máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n.

Dípò kí n máa ka orúkọ lé orúkọ, ayò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ wò. Ìlú New York kan náà ni wọ́n ti ta á, ní ilé ẹgbẹ́ Marshall Chess Club ní Manhattan, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1956. Donald Byrne ló ń ta Funfun. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà, ó ti gba ife U.S. Open ti ṣẹ́ẹ̀sì ní 1953, ọ̀ta gidi ni. Bobby Fischer ló ń ta Dúdú. Ọmọ ọdún 13 ni. Èèyàn 12 ni wọ́n pè sí ìdíje náà, tí wọ́n fi orúkọ Rosenwald pè, ohun tó sì gbé ọmọdé yìí dé àárín àwọn àgbà ni pé ó gba ife àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà.

Ìṣísẹ̀ 41 ni wọ́n ta kí ọba Byrne tó kú. Hans Kmoch, tó kọ̀wé nípa ayò náà nínú ìwé ìròyìn Chess Review, pè é ní ayò tó ga jù lọ ní ọ̀rúndún náà, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Bí àwọn èèyàn bá ń ròyìn rẹ̀, ìṣísẹ̀ 17 ni wọ́n máa ń sáré lọ bá, níbi tí Fischer ti fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. N kò ní kí wọ́n má yìn ín. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀rọ̀ Byrne ti bàjẹ́ láti ìṣísẹ̀ 11, inú ìṣíde ló sì ti bàjẹ́. Bí a bá rí bó ṣe bàjẹ́, a ó mọ ohun tí ìṣíde wà fún.

Ẹni tó bá ti mọ ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì lè fo ìpínrọ̀ yìí. Ilé 64 ló wà lórí rẹ̀, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Lẹ́tà a dé h ni wọ́n fi ń pe òpó kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì Funfun lọ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nọ́ńbà 1 dé 8 ni wọ́n sì fi ń ka ìlà láti ọ̀dọ̀ Funfun lọ sọ́dọ̀ Dúdú. Ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tirẹ̀: e4, d5, c3. Ọmọ ayò 16 ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọba kan, ayaba kan, rúùkù méjì tó dúró ní igun, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, àti ọmọ-ogun mẹ́jọ. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, kóró kan kò ju kóró kejì lọ. Níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ọmọ-ogun jẹ́ 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 3, rúùkù jẹ́ 5, ayaba jẹ́ 9. Ọba kò ní iye, nítorí ẹni tí wọ́n bá dojú kọ ọba rẹ̀ níbi tí kò ti lè jáde ti pàdánù, ohun yòówù tí ì báà kù sí i lọ́wọ́. Bí ọmọ ayò ẹnìkejì bá dojú kọ ọba, ṣẹ́ẹ̀kì nìyẹn, dandan sì ni kí ẹni tó ni ọba wá nǹkan ṣe sí i kó tó lè ṣe ohun mìíràn. Ẹ fi dandan yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìṣíde

Ìṣíde ni apá àkọ́kọ́ ayò, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwọn ọmọ ayò ṣì ń jáde kúrò ní ìlà tí wọ́n tò wọ́n sí. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wá kò pọ̀. Wọ́n ń du àárín ọpọ́n, ìyẹn ilé mẹ́rin d4, e4, d5 àti e5, nítorí ọmọ ayò tó bá wà láàárín máa ń tó ibi tó pọ̀ ju èyí tó wà ní ẹ̀bá lọ. Ẹṣin tó dúró láàárín lè fò sí ilé mẹ́jọ. Èyí tó dúró ní igun, méjì péré. Wọ́n tún ń wá bí ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù yóò ṣe jáde kíákíá. Wọ́n sì ń wá bí ọba yóò ṣe kúrò láàárín kí ìjà tó le.

Òfin pàtàkì kan wà fún ti ọba yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ayò, bí ọba àti rúùkù kan kò bá tíì kúrò níbi tí wọ́n wà, tí kò sì sí nǹkan láàárín wọn, tí wọn kò sì ké ṣẹ́ẹ̀kì sí ọba, ọba lè rìn ilé méjì lọ sápá rúùkù yẹn, kí rúùkù sì fò ó kọjá wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Ìṣísẹ̀ kan ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí. Ọba ti wọ ibi ìpamọ́, rúùkù náà sì ti kúrò ní igun tó ti há, iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ọba bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kó tó ṣe èyí, àǹfààní náà ti lọ nìyẹn, kò tún padà wá mọ́. Èmi yóò máa pè é ní fífi ọba pamọ́.

Ohun tó wá mú kí gbogbo èyí le ni pé ìṣísẹ̀ kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kó tó kan ẹnìkejì. Ìṣísẹ̀ tí o bá fi gbé ayaba kiri, o kò lè tún fi í mú bíṣọ́ọ̀bù jáde. Bí àwọn ọ̀ta bá ń wo ìṣíde, wọ́n máa ń ka èyí bí ẹni ń ka owó: mélòó lo ti ná, kí lo sì rí rà?

Ní ti orúkọ, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ruy López jẹ́ àlùfáà ní Spéènì tó kọ ìwé nípa ṣẹ́ẹ̀sì ní 1561. Caro àti Kann jẹ́ orúkọ èèyàn méjì. Sicily sì jẹ́ erékùṣù ní Ítálì. Àwọn tó ń tẹ ìwé ṣẹ́ẹ̀sì ní Belgrade tún wá kó gbogbo ìṣíde sábẹ́ lẹ́tà márùn-ún, A dé E, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà 00 dé 99, ìyẹn ìsọ̀rí 500. D92 ni wọ́n fi ayò tiwa yìí sí. Ẹni tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ kò nílò ìkankan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí; ẹni tó fẹ́ wá ayò àtijọ́ nínú ìwé ni wọ́n wúlò fún.

Grünfeld

Ìgbà kan wà tí àwọn àgbà ṣẹ́ẹ̀sì gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti du àárín ọpọ́n: gbé ọmọ-ogun rẹ síbẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀. Siegbert Tarrasch ti Jámánì ló kọ́ àwọn èèyàn báyìí jù lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn bíi Richard Réti àti Aron Nimzowitsch dìde, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a lè fi àárín sílẹ̀ fún ẹnìkejì, kí a wá máa ta ọfà sí i láti òkèèrè, títí ohun tó kó síbẹ̀ yóò fi di ẹrù sí i lọ́rùn.

Ernst Grünfeld, ará Vienna ní Austria, tí ó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan láti kékeré, wà lára wọn. Ní 1922 ló gbé ìṣíde tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè jáde, ọdún náà ló sì fi borí Alexander Alekhine, ẹni tó gba ife àgbáyé ní 1927. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: Funfun ti ọmọ-ogun sí d4 àti c4, ó gbé ẹṣin sí c3. Dúdú gbé ẹṣin sí f6, ó ti ọmọ-ogun g síwájú díẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù lè jókòó sí g7, ó sì wá ti ọmọ-ogun sí d5, bí ẹni pé ó ń sọ fún Funfun pé, ó yá, jẹ ẹ́. Bí Funfun bá jẹ ẹ́, yóò lè to ọmọ-ogun kún àárín bó ṣe wù ú. Bíṣọ́ọ̀bù g7 yẹn, tó ń wo ọ̀nà gígùn láti igun dé igun, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣọ́ àárín náà lọ. Ìṣíde ẹni tí kò bẹ̀rù ni. Garry Kasparov lò ó lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí òun àti Anatoly Karpov ń du ife àgbáyé láàárín 1986 sí 1990, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ẹ̀tàn ọmọdé.

Ibì kan tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyí. Bí ẹ bá wo ayò Byrne àti Fischer, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ kò jọ Grünfeld rárá. Byrne kò ti ọmọ-ogun d. Ẹṣin ló kọ́kọ́ gbé sí f3. Lẹ́yìn náà ló ti c4, ó gbé ẹṣin kejì sí c3, ìṣísẹ̀ kẹrin ló tó ti d4. Ní gbogbo ìgbà yìí, Fischer gbé ẹṣin sí f6, ó ti g6, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g7, ó sì fi ọba pamọ́ ní ìṣísẹ̀ kẹrin. Ẹni tó bá wo ọpọ́n lákòókò yẹn lè pè é ní King's Indian, ìyẹn ìṣíde mìíràn tí Fischer fẹ́ràn jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá ti ọmọ-ogun sí d6 lẹ́yìn náà, ohun tí ì bá jẹ́ nìyẹn. Ìṣísẹ̀ karùn-ún ló ti d5, Grünfeld sì dé. Bí àwọn ọmọ ayò ṣe tò sórí ọpọ́n ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ìṣíde lórúkọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ẹni tó há ìṣísẹ̀ sórí lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹnìkejì rẹ̀ bá yí ẹyọ méjì padà báyìí, ó ti sọnù nìyẹn.

Bí Byrne ṣe ná ìṣísẹ̀ rẹ̀

Byrne ti gbé bíṣọ́ọ̀bù kan sí f4 kí Fischer tó ti d5. Dípò kó jẹ ọmọ-ogun d5, ó gbé ayaba jáde sí b3 ní ìṣísẹ̀ kẹfà kó lè fún un pa. Fischer fi ọmọ-ogun yẹn jẹ ọmọ-ogun c4, ayaba Byrne jẹ ẹ́ padà. Fischer ti c6, Byrne ti e4. Bí ẹ bá dúró wo ọpọ́n níhìn-ín, ohun tí Tarrasch ń fẹ́ ló wà lọ́wọ́ Funfun: ọmọ-ogun méjì ní d4 àti e4, tí wọ́n dúró gbọn-in. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tí Byrne ṣe títí dé ibí. Àwọn ọ̀ta ńlá ti ta á bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ayaba tó jáde ní kùtùkùtù máa ń di ẹni tí gbogbo èèyàn ń lé. Fischer gbé ẹṣin kejì sí d7, ó tún gbé e sí b6, ibi tó ti ń halẹ̀ mọ́ ayaba ní c4. Byrne ti gbé rúùkù sí d1 ṣáájú ìyẹn. Ó wá gbé ayaba sá lọ sí c5. Fischer mú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kejì jáde sí g4, níbi tó ti fún ẹṣin f3 mọ́lẹ̀: bí ẹṣin yẹn bá kúrò, bíṣọ́ọ̀bù yóò jẹ rúùkù d1.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ti lọ. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n ná. Ẹṣin Fischer méjèèjì ti jáde, bíṣọ́ọ̀bù méjèèjì ti jáde, ọba rẹ̀ ti wà ní ìpamọ́ tipẹ́. Byrne ti gbé ayaba lẹ́ẹ̀mẹta. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ṣì wà ní f1, kò tíì mira. Ọba rẹ̀ dúró sí e1, àárín gbùngbùn. Síbẹ̀, ọwọ́ kò tíì bọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé tó ṣàlàyé ayò yìí ní kó ṣe ni kó gbé bíṣọ́ọ̀bù f1 lọ sí e2, kó sì fi ọba pamọ́ lẹ́yìn náà. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló ń fẹ́.

Ìṣísẹ̀ 11, Byrne mú bíṣọ́ọ̀bù f4, èyí tó ti jáde tẹ́lẹ̀, ó gbé e lọ sí g5.

Ìdáhùn Fischer ni ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ayò náà, ó wù mí ju ayaba tí gbogbo ayé ń pariwo lọ. Ó gbé ẹṣin b6 lọ sí a4, ní ẹ̀bá ọpọ́n, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé pé kó má gbé ẹṣin sí, níbi tí ẹṣin c3 ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé? Ẹṣin a4 yẹn ń halẹ̀ mọ́ ayaba c5, ó sì ń halẹ̀ mọ́ ẹṣin c3. Bí ẹṣin c3 bá sì lọ jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ-ogun e4 mọ́. Ẹṣin Fischer kejì yóò fò láti f6 jẹ e4, yóò sì dojú kọ ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù g5 lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó burú jù ni pé bí e4 bá ti kúrò, òpó e yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọba Byrne ló sì dúró sí ìdí rẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá wà ní e2 tí ọba sì wà ní ìpamọ́, ẹṣin a4 kò ní jẹ́ nǹkankan, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Ọmọ ọdún 13 náà kò dá idán. Ó wo ọpọ́n, ó rí i pé ẹnìkejì òun kò tíì parí ìṣíde, ó sì ṣe ohun tí a fi ń jẹ ẹni tí kò parí ìṣíde níyà: ó ṣí àárín.

Byrne kò jẹ ẹṣin náà. Ó gbé ayaba padà sí a3, ìgbà kẹrin nìyẹn nínú ìṣísẹ̀ 12. Fischer jẹ ẹṣin c3, ọmọ-ogun b jẹ ẹ́ padà, Fischer sì fi ẹṣin tó kù jẹ e4 bó ṣe ń fẹ́. Byrne fi bíṣọ́ọ̀bù g5 jẹ ọmọ-ogun e7, ó ń halẹ̀ mọ́ ayaba àti rúùkù f8 pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbá òpó e mọ́ tónítóní. Fischer gbé ayaba sí b6, kò bìkítà fún rúùkù. Ìṣísẹ̀ 15 ni bíṣọ́ọ̀bù f1 tó jáde, ó lọ sí c4. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kí Byrne fi ọba pamọ́. Kò ṣe é. Fischer fi ẹṣin jẹ c3. Byrne gbé bíṣọ́ọ̀bù e7 sí c5, ó ń lé ayaba b6, rúùkù Fischer sì bọ́ sí e8, ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba Byrne fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí f1. Àǹfààní fífi ọba pamọ́ ti lọ, rúùkù h1 sì há sínú igun lẹ́yìn ọba rẹ̀.

Ìṣísẹ̀ 17

Ayaba Fischer wà nínú ewu lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù c5. Ẹṣin rẹ̀ ní c3 wà nínú ewu lọ́wọ́ ayaba a3. Ó kọ̀, kò gbé ìkankan nínú méjèèjì. Bíṣọ́ọ̀bù g4 ló mú, ó gbé e padà sí e6, kó dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù funfun ní c4.

Bí Byrne bá fi bíṣọ́ọ̀bù c4 jẹ ti e6, ayaba Fischer yóò bọ́ sí b5, ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba sá sí g1. Ẹṣin fò sí e2, ṣẹ́ẹ̀kì, ọba padà sí f1. Ẹṣin fò sí g3, ẹṣin àti ayaba jọ dojú kọ ọba pọ̀, ọba tún sá sí g1. Ayaba wá lọ dúró sí f1 níwájú ọba gan-an, kí rúùkù d1 jẹ ẹ́, ẹṣin sì padà sí e2. Ọba Byrne ò rọ́nà lọ: rúùkù rẹ̀ méjèèjì àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fúnra wọn ló dí i pa. Ẹ tò ó sórí ọpọ́n kí ẹ fojú ara yín rí i.

Nítorí náà Byrne jẹ ayaba. Dandan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pé ẹni tí wọ́n bá ké ṣẹ́ẹ̀kì sí kò lè ṣe ohun mìíràn, ló wá ṣiṣẹ́ báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù Fischer jẹ ti c4, ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba lọ sí g1, ẹṣin lọ sí e2, ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba padà sí f1, ẹṣin fò kúrò lọ jẹ ọmọ-ogun d4. Bó ṣe kúrò lójú ọ̀nà, bíṣọ́ọ̀bù c4 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ké ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba g1, ẹṣin e2. Ọba f1, ẹṣin c3. Ṣẹ́ẹ̀kì márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn, láti ìṣísẹ̀ 18 dé 22, ọba Byrne ń ṣe lọ-bọ̀ láàárín ilé méjì, kò lè sinmi kó gbé ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí Fischer ti to ẹṣin rẹ̀ síbi tó wù ú, ó wá fara balẹ̀ fi ọmọ-ogun a jẹ bíṣọ́ọ̀bù b6 tó jẹ ayaba rẹ̀, rúùkù a8 sì dojú kọ ayaba Byrne lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹṣin jẹ rúùkù d1.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ayaba jẹ́ 9. Ohun tí Fischer rí gbà dípò rẹ̀ ni rúùkù kan àti bíṣọ́ọ̀bù méjì, 11 nìyẹn, ká má tíì ka àwọn ọmọ-ogun tó jẹ lójú ọ̀nà. Èèyàn máa ń sọ pé ó fi ayaba rúbọ. Lójú tèmi, ó tà á ni, owó tó gbà sì ju iye rẹ̀ lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní náà tú ayò yìí wò, wọ́n sì gbà pé ẹṣin a4 àti bíṣọ́ọ̀bù e6 ni ìṣísẹ̀ tó dára jù lọ ní ààyè wọn.

Ìyókù kò ní kí a máa fà á gùn. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ bí ẹ bá ń tẹ̀ lé e: rúùkù h1 Byrne. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayò ló ti wà ní igun. Byrne ti h3 kí ọba lè rí ibi sá sí, ọba lọ sí h2, ìṣísẹ̀ 28 ni rúùkù náà tó ráyè bọ́ sí e1. Rúùkù Fischer jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe láyé ayò náà nìyẹn. Láti ìṣísẹ̀ 11 títí dé ibẹ̀, rúùkù kan ni Byrne fi ń jà nígbà tí Fischer ń fi méjì jà, ohun tí ẹni tí kò fi ọba pamọ́ máa ń san nìyẹn.

Àwọn ọ̀ta kì í sábà dúró kí ọba wọn kú. Bí wọ́n bá ti rí i pé kò sí ọ̀nà, wọ́n á bọ ẹnìkejì lọ́wọ́. Byrne mọ̀ pé òun ti pàdánù, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó jẹ́ kí ọmọdé náà ta á dé òpin, títí rúùkù fi bọ́ sí c2 ní ìṣísẹ̀ 41 tí ọba sì há. Iyì ńlá ni mo ka ìyẹn sí fún un. Fischer gba ẹ̀bùn ayò tó dára jù nínú ìdíje náà. Kò gba ife o: Samuel Reshevsky ló gbà á, àmì 4½ nínú ayò 11 ni Fischer ní.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, nínú ìdíje ife Amẹ́ríkà ti 1963 sí 1964, ní New York náà, Fischer tún ta Dúdú pẹ̀lú Byrne mìíràn, Robert, ẹ̀gbọ́n Donald. Ọmọ ìyá Grünfeld tún ni ìṣíde náà: ẹṣin f6, g6, bíṣọ́ọ̀bù g7, d5. Lọ́tẹ̀ yìí Byrne fi ọba pamọ́. Fischer tún fi ọmọ ayò sílẹ̀ kí wọ́n jẹ, ayò náà sì le débi pé àwọn ọ̀gá àgbà méjì tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òǹwòran nínú yàrá mìíràn ń sọ fún wọn pé Robert Byrne ló ń borí. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìròyìn ti dé pé Byrne ti juwọ́ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 21.